Ó Dàbọ̀ Ọgbọ̀n Náírà: Ohun Tí Òwò Fóònù Lè Kọ́ Àwa Oníṣòwò Yòókù

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ sọ ní Ìbàdàn. Ibi tí mo ti ń wúkọ́ nìkan ni mo yọ kúrò.)

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú àárọ̀, ẹ sì kú sùúrù, torí mo pẹ́ dé. Ẹ̀yin bàbá wa, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ọjà á tà o. (Àṣẹ!) Ẹ̀yin tẹ́lọ̀, ẹ̀yin onídìrí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta gáàsì, ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń gbé sólà sórí òrùlé, mo kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn, mo rí yín, wọ́n ní àga ń bọ̀.

Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ẹṣin tí wọ́n ní kí n wá fi hàn yín lónìí ni òwò fóònù. Nígbà tí alága yín pè mí, ó ní kí n wá sọ bí a ṣe lè mú ọgbọ́n àwọn oní-nẹ́tíwọ̀kì, ká fi tún òwò tiwa ṣe. Mo ní ṣé ẹ ò rí ọ̀jọ̀gbọ́n pè ni? Ó ní àwọn rí, àmọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ò ta káàdì rí. (Ẹ̀rín.)

Òótọ́ ni. Mo ta káàdì, àwọn èèyàn sì ń fi fóònù mi pe ará wọn, wọ́n ń sanwó fún mi. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi jókòó sábẹ́ agbòòrùn ní Dùgbẹ̀, tí eruku ara káàdì ń sá sí mi lábẹ́ èékánná, tí mo bá jẹun tán màá máa wò ó pé kí ni mo ń jẹ yìí. Lónìí yàrá òtútù ni mo ní. Tòmátì, ata àti ẹ̀fọ́ làwọn èèyàn ń gbé síbẹ̀ kó má bà jẹ́. Láàárín agbòòrùn àti yàrá òtútù yẹn ni gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí wà.

Níbi tá a ti ń bọ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí NITEL, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba? (Ariwo.) Ẹ má bínú, mi ò fẹ́ dá egbò yín. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tó jókòó síbí ò tíì dáyé nígbà náà, ẹ jẹ́ n sọ fún wọn. Kó tó di ọdún 2001, ìlà tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò pé 500,000, bẹ́ẹ̀ a ti lé ní 100 mílíọ̀nù èèyàn. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nílé, gbogbo àdúgbò ló ń mọ̀. Tó o bá fẹ́ tìrẹ, wàá kọ̀wé, wàá dúró, wàá wá ẹni tó mọ ẹnì kan. Tí wọ́n bá wá fà á dé ọ̀dọ̀ rẹ tán, bíìlì ló kù. Ìwọ á ní o ò pe Lọ́ńdọ̀nù, ìwé á ní o pè é.

Ní oṣù kìíní ọdún 2001, lábẹ́ ìjọba Ọbásanjọ́, wọ́n ṣe gbàǹjo ìwé àṣẹ GSM, ìyẹn fóònù alágbèéká. Ìwé àṣẹ kan ṣoṣo, 285 mílíọ̀nù dọ́là. Nínú oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ilé iṣẹ́ Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ bá mi rò ó. Ẹni tó ná 285 mílíọ̀nù dọ́là lórí ìwé lásán, kó tó ri òpó kan mọ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ló ti fẹ́ rí i padà? Ọ̀dọ̀ olówó? Olówó ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nílùú yìí. Ọ̀dọ̀ aláta ni, ọ̀dọ̀ kọ̀ǹdọ́. Báwo lo wá ṣe fẹ́ fi bíìlì ránṣẹ́ sí kọ̀ǹdọ́ tí ilé rẹ̀ ò ní nọ́ńbà, tó lè ti kó lọ sí Òndó kí oṣù tó parí? O ò lè ṣe é. Ni wọ́n bá ní: sanwó kó o tó sọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ fóònù TMN ní ilẹ̀ Pọ́túgà ti ń tà á bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1995, Mimo ni wọ́n pè é. Wọn ò béèrè ilé rẹ, wọn ò béèrè orúkọ bàbá rẹ. Ha káàdì, tẹ nọ́ńbà, máa sọ̀rọ̀.

Káàdì ₦1,500 ni mo kọ́kọ́ fojú rí. Nígbà tó yá, ₦750 dé, ₦400 dé, ₦200, títí ó fi dé ₦100. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gé e. Òpó olówó gọbọi, wọ́n gé e wẹ́wẹ́ títí ó fi wọ àpò ẹni tó ń fi ₦100 ra gaàrí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má purọ́ fúnra wa pé àwọn ló dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀. Ta ló kọ́ ta ni? Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti ìparí àwọn ọdún 1800 ni tálákà ti ń ju pẹ́nì kan sínú mítà gáàsì kí iná ìdáná rẹ̀ tó jó. Nílé tiwa ńkọ́? Alájọ! Alájọ ń dé iwájú ìsọ̀ rẹ lójoojúmọ́, ó ń gba iye tápá rẹ ká, ó ń sàmì sínú káàdì onílà 31, owó ọjọ́ kan péré ló sì ń mú nínú oṣù. Nígbà tí àwọn wọ̀nyẹn ń wá bí wọ́n ṣe máa dé ọ̀dọ̀ aláta, alájọ ti dé ibẹ̀, ó ti jẹ àkàrà, ó ti lọ.

Abẹ́ agbòòrùn

Ibí yìí ni mo fẹ́ jókòó sí díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Láti 2001, ìṣẹ́jú ni wọ́n ń kà fún wa. Tó o bá lo ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n ń yọ. Ìyókù ìṣẹ́jú tó ò lò, wọ́n jẹ ẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, Glo ti Mike Adénúgà wọjà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ibi tó o bá sọ̀rọ̀ dé ni wàá sanwó dé. Kò pẹ́ rárá tí àwọn tó wà nílẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ayé yọ̀. Èmi náà yọ̀, àmọ́ ohun tó mú mi yọ̀ yàtọ̀ sí tiyín. Ẹ wò ó: ìṣẹ́jú àáyá ni mò ń rà, ìṣẹ́jú ni mò ń tà! (Ẹ̀rín.) Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ yín ló jókòó sábẹ́ agbòòrùn tiyín, ẹ sì mọ ohun tí mò ń wí. Mo so aago kékeré kan mọ́ ọrùn. Ọgbọ̀n náírà, ìṣẹ́jú kan. Tí aago bá ti fo 60 báyìí, ó ti di ọgọ́ta náírà nìyẹn, kò sí ẹjọ́.

Bàbá kan wà tó máa ń gbé èlùbọ́ wá láti Ṣakí. Gbogbo ọjọ́ tó bá wọ Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ mi ló ti ń pe ọmọ rẹ̀ ní Kánò. Bàbá yìí mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ọ̀rọ̀ sọ. Kò jẹ́ kí ọmọ kí òun tán tó fi ń béèrè owó ilé ìwé ọmọ-ọmọ. Lọ́jọ́ kan ó sọ̀rọ̀ tán, ó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, mo wo aago: ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Mo ní, "Bàbá, ọgọ́ta náírà." Ó wò mí. Ó ní, "Ìyá kékeré, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin tó lé yẹn, kí ni mo sọ níbẹ̀?" Mo ní mi ò mọ̀, sà. Ó ní, "'Ó dàbọ̀' ni mo sọ. Ṣé 'ó dàbọ̀' yẹn ló jẹ́ ọgbọ̀n náírà?"

Ó san án o. Ó ka owó náà sórí tábìlì mi, náírà márùn-ún márùn-ún, ó fi òkúta kékeré lé e kí atẹ́gùn má gbé e. Ó kí mi pé ó dìgbà. Láti ọjọ́ náà, iwájú mi ló máa ń gbà kọjá, pẹ̀lú àpò èlùbọ́ lórí, lọ sábẹ́ agbòòrùn ọmọbìnrin tó wà ní ìdojúkọ mi. Ọmọ yẹn máa ń gba ₦15 fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Kí ọdún tó parí, àwọn ará Òkè-Ògùn tó máa ń ná ọjà yẹn, kò ku ẹyọ kan lọ́wọ́ mi.

Tí wọ́n bá ní ẹ wá kọ́ ọgbọ́n lára òwò fóònù, ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sáré mú ni ìhà ibi tí wọ́n ti ń gbowó. Káàdì, ìsanwó-ṣáájú, tíì-tíì-tíì, owó ti wọlé. Ìhà kejì, èyí tí wọ́n ti ń ka ohun tí oníbàárà lò gan-an, tí wọn kì í gba owó "ó dàbọ̀" lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn kì í wù wọ́n mú. Bẹ́ẹ̀, òun ló sọ wá di oníbàárà.

Àwọn tó ti wo ẹṣin náà sáré

Ẹ jẹ́ ká mú iná mànàmáná. Mélòó nínú yín ló ń lo mítà tí à ń ra tóókìn sí? Ẹ nawọ́. Ọ̀pọ̀ yín. Nọ́ńbà gígùn kan tó ní òǹkà 20 ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, ẹ óò tẹ̀ ẹ́ sínú mítà, ó di iná. Gúúsù Áfíríkà ni ètò nọ́ńbà 20 yẹn ti jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn oní-fóònù, àmọ́ káàdì fóònù ló jẹ́ kó tètè yé wa. Ìyá àgbà tí kò kàwé mọ ohun tí "iná ti tán" jẹ́, torí ó ti mọ ohun tí "kirẹ́díìtì ti tán" jẹ́. Mítà yìí dára. Ẹni tó bá ti gba bíìlì àfojúdá rí, tí wọ́n kọ iná ilé mẹ́ta sí ilé kan, á bá mi dúpẹ́.

Àmọ́ ẹ bá mi wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò tiwa. Tiransífọ́mà jó. Owó iná wa wà nínú mítà, a ti san án. A pè wọ́n, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A tún pè. Níkẹyìn àwa onílé àti ayálégbé ṣe ìpàdé, a dá owó, a fi owó wa tún ẹ̀rọ tí kì í ṣe tiwa ṣe, ká lè rí iná tá a ti san owó rẹ̀ lò.

Kí ló fà á? Nígbà ayé bíìlì, owó wà lọ́wọ́ oníbàárà títí oṣù fi pé. Tí wọn ò bá fún un níná, kò ní san. Ohun ìjà rẹ̀ nìyẹn. Ìsanwó-ṣáájú gba ohun ìjà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló dé tí ti fóònù ò fi dà bẹ́ẹ̀? Torí fóònù fún wa ní ohun ìjà mìíràn: a lè lọ. Ẹ rántí ìgbà tí èèyàn kan ń gbé fóònù mẹ́ta kiri bí oníṣègùn? Nẹ́tíwọ̀kì yìí kọ̀, a gbé ìkejì. Nígbà tó di 2013, wọ́n tún jẹ́ ká lè mú nọ́ńbà wa kan náà lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ míràn. Ta ló lè gbé mítà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ iná míràn ní òpópónà yìí? Kò sí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbowó ṣáájú nínú òwò yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè: ṣé oníbàárà mi ní ibòmíì tó lè lọ? Tí kò bá ní, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ wá ohun ìjà mìíràn fi sí i lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ó ń ṣe yín bákan. Ta ló ń fún èèyàn ní kòbókò tí wọ́n máa fi na òun? Màá dé ibẹ̀.

Ta ìlò, fi ẹrù sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń ṣe sólà, tiyín rèé. Ní Kẹ́ńyà, oṣù kẹta ọdún 2007, ilé iṣẹ́ fóònù Safaricom gbé M-Pesa jáde, owó tí èèyàn ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ náà láti ọ̀dọ̀ Vodafone, ilé iṣẹ́ fóònù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Nick Hughes. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló wá dá M-KOPA sílẹ̀. Kopa, lédè Swahili, yíyá ni. Lọ́dún 2012 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sólà kékeré fún àwọn ará oko: iná gílóòbù díẹ̀, rédíò, ibi tí wọ́n ti ń gba iná sí fóònù. Nígbà náà, èèyàn á san àsansílẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ṣílè 50 lójúmọ́ fún nǹkan bí ọdún kan, ó di tirẹ̀. Ṣílè 50 yẹn kò jìnnà sí ohun tí wọ́n ń ná lórí kẹrosíìnì tẹ́lẹ̀. Wọn ò ní kí àgbẹ̀ wá owó tuntun, owó kẹrosíìnì ni wọ́n ní kó gbé wá.

Símù káàdì wà nínú àpótí sólà náà. Tó o bá san, iná tàn. Tó ò bá san, ilé iṣẹ́ jókòó sí Náíróbì, ó pa á. Ọgbọ́n fóònù gangan: kirẹ́díìtì tán, ọ̀rọ̀ tán.

Ó tún wà tó ju ti fóònù lọ lọ́jọ́ orí. Ọdún 1962 ni ilé iṣẹ́ Bristol Siddeley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí Rolls-Royce rà lẹ́yìn náà, ti sọ fún àwọn tó ní ọkọ̀ òfuurufú pé kí wọ́n má dààmú lórí àtúnṣe ẹ́ńjìnnì mọ́. Iye wákàtí tí ọkọ̀ bá fò, kí wọ́n san ti ìyẹn, àtúnṣe di ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ẹni tó ń jẹun lórí pé ẹ̀rọ bà jẹ́, ojú rẹ̀ á mọ́ tí ẹ̀rọ bá bà jẹ́. Ẹni tó ń jẹun lórí wákàtí tó fò, òun gan-an ló máa ń gbàdúrà kó má bà jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, mélòó nínú yín ló ti sọ fún oníbàárà rí pé kó máa san iye kan lóṣù, tí jẹnẹrétọ̀ bá sì dákẹ́, ọ̀fẹ́ lẹ ó tún un ṣe? Ẹ ń wo ilẹ̀. (Ẹ̀rín.)

Nípa yàrá òtútù, ẹni tí mo wò sáré ni Nnaemeka Ikegwuonu, ọmọ Ìgbò kan ní Òwèrrì tó dá ColdHubs sílẹ̀. Yàrá tó ń fi agbára oòrùn ṣiṣẹ́, tó lè gba nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 3, ó gbé e sínú ọjà. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ₦100 ni wọ́n ń gbà lórí kíréètì kan lójúmọ́, kíréètì tó ń gba kílò 20. Aláta kò ra fírísà, kò ra jẹnẹrétọ̀. Òtútù ọjọ́ kan ló rà.

Ẹ wá gbọ́ bí èmi ṣe ṣe é. Èmi, ọlọ́gbọ́n, mo gé yàrá mi sí àká, mo ní ₦15,000 lóṣù fún àká kan. Oṣù mẹ́ta, ènìyàn méjì ló wá. Mo lọ bá ìyá kan tó ń ta ata nínú ọjà, mo ní Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò wá? Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló mọ ata tó máa kù sí mi lọ́wọ́ lóṣù tó ń bọ̀? Èyí tó kù láti àárọ̀ yìí ni mo fẹ́ gbé pamọ́, kí n lè padà wá tà á lọ́la." Mo ti gbàgbé bàbá Ṣakí pátápátá. Oṣù ni mò ń tà, ọjọ́ ni wọ́n fẹ́ rà. Mo sọ ọ́ di ₦200 lójúmọ́ lórí kíréètì kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mo ń lé èèyàn padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ tí yàrá mi kú

Alẹ́ ọjọ́ Sátidé ni. Ẹ̀rọ tó ń yí iná sólà padà fún kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ló kú lóru, ọdẹ ò sì mọ̀, torí iná kékeré ara rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́jú. Kíréètì 41 ló wà nínú yàrá. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú mo dé ibẹ̀, mo rí omi pupa tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Kí n tó ṣílẹ̀kùn ni òórùn ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Ooru tó bù sí mi lójú, bí ìgbà téèyàn ṣí ìkòkò ẹ̀bà tí wọ́n dé láti àná.

₦200 ni wọ́n san. Kíréètì tòmátì kan nígbà yẹn, ₦9,000. Àbúrò mi ní, "Ẹ dá ₦200 wọn padà fún wọn, ó parí. Àwọn oní-nẹ́tíwọ̀kì ń san nǹkan fún yín tí kóòlù bá já ni?" Ọ̀rọ̀ ọmọ náà fẹ́ wọ̀ mí létí, mi ò ní parọ́ fún yín. Mo jókòó sórí kíréètì òfìfo níta, mo sì ń ṣírò pé tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ibo ni wọ́n máa lọ? Yàrá òtútù kejì ò sí lọ́jà yẹn. Wọ́n á padà sọ́dọ̀ mi ni, pẹ̀lú inú bíbí, tàbí kí wọ́n padà sí kí tòmátì máa jẹrà.

Ìlàjì owó ọjà wọn ni mo san. Oṣù mẹ́rin ni mo fi san án, díẹ̀ lówó, díẹ̀ ní òtútù ọ̀fẹ́. Ẹlòmíì bú mi, ẹlòmíì gbàdúrà fún mi, ẹlòmíì ṣe méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá gbé ìwọ̀n òtútù sí ara ilẹ̀kùn níta, níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i. Tòmátì ò fẹ́ òtútù púpọ̀ jù, láàárín dígírì 10 sí 13 ló ń bá a lára mu. Mo ra ẹ̀rọ kékeré kan tí símù káàdì wà nínú rẹ̀. Tí yàrá bá gbóná ju 15 lọ, á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi, á fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi, á sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ìyá mẹ́ta tí àwọn oníbàárà fúnra wọn yàn. Ẹ kò gbọ́ ìyẹn dáadáa. Símù káàdì kan náà tí àwọn kan fi ń pa iná mọ́ oníbàárà lórí, èmi fi ń pe oníbàárà pé kó dìde lóru kó wá bá mi jà. Ọ̀kan nínú wọn ti pè mí ní aago méjì òru rí. Ó ní, "Ṣé o ń sùn ni? Ó ti di 16 o!" (Ẹ̀rín.)

Èyí tó rìn àti èyí tí kò lè rìn

Mo rí alága tó ń wo aago, ẹ jẹ́ n sáré.

Òpó. Tẹ́lẹ̀, ilé iṣẹ́ fóònù kọ̀ọ̀kan ló ń ri òpó tirẹ̀, mẹ́ta nínú ọgbà kan, jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta tó ń ké papọ̀. Nígbà tó yá wọ́n ń jọ lo ọ̀kan. Lọ́dún 2014, MTN fa òpó tó lé ní 9,000 ní Nàìjíríà lé IHS lọ́wọ́, ilé iṣẹ́ tó jẹ́ pé kó máa bójú tó òpó fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó niṣẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin tẹ́lọ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ ọnà sára aṣọ, ẹ̀yin mẹ́fà ní òpópónà kan náà ni ẹ ń yáwó rà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó sì ń sùn ní ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, lọ́dún 2012, nígbà tí Akínwùmí Adéṣínà wà nípò mínísítà, àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù ni wọ́n fi ń fún àgbẹ̀ láṣẹ láti lọ gba ajílẹ̀ ní ìdajì owó lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á nítòsí. Bí nọ́ńbà ara káàdì náà ló rí. Ó gé ọwọ́ ọ̀pọ̀ alágbàtà kúrò. Ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ò dé, àtẹ̀jíṣẹ́ ò dé, ajílẹ̀ náà ò dé.

Èyí tí kò lè rìn ńkọ́? Ẹ rántí kóòlù ọ̀fẹ́ òru? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi rí ìyàwó, ẹ má sọ̀rọ̀. Kí ló dé tí wọ́n fi lè fún wa lọ́fẹ̀ẹ́? Torí òpó ti dúró tán, bóyá èèyàn sọ̀rọ̀ lóru tàbí kò sọ, owó tí wọ́n ń ná lé e kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìyá kan tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá ilé ìwé gíga kan gbọ́ nípa dátà aláìlópin, ó ní òun náà á ta oúnjẹ aláìlópin: san owó oṣù, jẹ títí o fi yó. Áà! Àwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ eléré ìdárayá ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. (Ẹ̀rín.) Ọjọ́ kọkànlá ló ti ìsọ̀. Ẹ̀bà kejì ná an lówó bí ẹ̀bà kìíní ṣe ná an lówó, kò dà bí ìṣẹ́jú kejì lórí fóònù. Ẹ wá ibi tí nǹkan yín ti dà bí òpó, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti lawọ́. Onídìrí, ọjọ́ Tuesday tí àga yín ń ṣófo, òru tiyín nìyẹn, ẹ din owó rẹ̀. Àmọ́ ẹ má ta gaàrí bí dátà.

Ọ̀rọ̀ pípa iná ló kù, mi ò sì ní ìdáhùn tó dá mi lójú pátápátá. Ọmọ kan nínú yín, tí mi ò ní dárúkọ, ti sọ fún mi pé òun fẹ́ máa gbé ẹ̀rọ ìránṣọ oníná fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, kí wọ́n máa san án lójoojúmọ́, tí wọn ò bá san, kó ti ẹ̀rọ náà pa láti ọ̀nà jíjìn. Mo ní ó dára. Mo wá bi í pé: tí tẹ́lọ̀ náà ò bá rí owó san lọ́jọ́ Thursday, tí aṣọ ìyàwó tí wọ́n máa wá gbà lọ́jọ́ Satidé sì wà lórí ẹ̀rọ, tó o bá tì í pa, kí ló máa fi san tìrẹ? Ó dákẹ́. Ọjọ́ méje ló ti wá ń fi sílẹ̀ báyìí kó tó tì í. Èmi ní ó kéré, òun ní ó pọ̀. A ṣì ń jà á.

Ó yá, ẹ jẹ́ n jókòó. Ìyá tó wà lẹ́yìn yẹn, tó wé gèlè aláró, láti ìgbà tí mo ti sọ̀rọ̀ aago tó wà lọ́rùn mi lẹ ti nawọ́ sókè. Mo mọ̀ yín, mà. Ẹ máa ń ta ẹ̀kọ ní Dùgbẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ fún wọn ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹ jẹ́ ká gbọ́ iye tí mo jẹ lọ́wọ́ wọn.